Aṣọ Tí Ṣẹ̀san So Kí Kẹ́tù Tó Hó

Ṣẹ̀san ní kókó tí òun so sára aṣọ náà pọ̀ ju irun orí gbogbo ará Manchester lọ, tọkùnrin tobìnrin, títí kan àwọn tó pá. Ó ní òun tan kẹ́tù láti fi po tíì ni, òun sì jókòó ti aṣọ. Kí omi tó hó, òun ti so kókó tó gbẹ̀yìn, òun ti rẹ aṣọ náà, òun ti tú u, òun sì ti sá a.

"Kẹ́tù kékeré o," ó fi kún un. "Ẹ má lọ rò pé ìkòkò ìnáwó ni mo gbé kaná."

Mosúnmọ́lá wò ó. Èsì tó yẹ kó fún un wà lọ́kàn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jìnnà, bí ẹrù tó wà lókè àjà, kò sì sí agbára láti gun àkàbà. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé láti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni. Láti àná ló ti ń gbé àwọn bàbá dìde, tó ń tẹ́ àwọn ìyá sílẹ̀, títí ẹ̀yìn òun náà fi ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo rí. Àárẹ̀ tó wà lára obìnrin náà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, bí wọ́n bá gbé e sórí òṣùwọ̀n alápatà, òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ á ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí òun jókòó díẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́, ọkọ mi," ló rí sọ.

Ṣẹ̀san kì í ṣe ọkọ rẹ̀. Anthony ni ọkọ rẹ̀, Ṣẹ̀san sì ni àbúrò Anthony. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti tọ́ Mosúnmọ́lá dàgbà ní Ṣágámù, ìyàwó ilé kì í la orúkọ mọ́ àbúrò ọkọ lórí. Ẹni tó o bá bá nílé, àgbà rẹ ni, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Nítorí náà, láti ọjọ́ tí Ṣẹ̀san ti sọ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú Manchester pẹ̀lú àpótí kan àti ẹnu kan, Mosúnmọ́lá ń pè é ní ọkọ mi, ó ń fi ẹ̀yin bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń bu ẹran tó tóbi fún un. Nínú ẹrù méjèèjì tí Ṣẹ̀san kó wá, ẹnu ló wúwo jù. Títí di òní, kò yé ẹnikẹ́ni bí àwọn aṣọ́bodè ṣe jẹ́ kó gbé e kọjá.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yìí, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Mosúnmọ́lá a máa ṣe ọ̀ṣọ́ ìgbéyàwó àwọn ará Íńdíà. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tó ti ń bá obìnrin kan ní Cheetham Hill sín òdòdó aláwọ̀ ọsàn sí òwú, títí àlá tó ń lá fi ń rùn bí òdòdó. Láti ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń to àtùpà alámọ̀ sí ẹnu ọ̀nà, bí wọ́n ṣe ń ran dígí wẹ́wẹ́ mọ́ aṣọ ilẹ̀kùn, bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ̀fun aláràbarà ya àwòrán sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ mándàpù pẹ̀lú, ìyẹn àgọ́ olópòó mẹ́rin tí ọkọ àti ìyàwó ń jókòó sí lábẹ́, níwájú iná, nígbà tí àlùfáà wọn bá ń so wọ́n pọ̀.

Àwọn tó ń ṣe ọ̀ṣọ́ kiri ìlú, òdòdó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Mosúnmọ́lá kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí ló máa ń kọ́kọ́ lọ, á kúnlẹ̀ bí ìwà ilé, á bi í pé, "Kí ni wọ́n ń fọwọ́ ṣe nílé yín?" Ohun tí ìyá àgbà bá sọ, orí rẹ̀ ló máa kọ́ gbogbo ìgbéyàwó lé.

Títí di ọdún yìí, abẹ́ ẹlòmíràn ló ti ń ṣe é. Ìgbéyàwó Hetal, ọmọ Hansa, ní Ashton-under-Lyne, ni àkọ́kọ́ tí wọ́n á ṣe lórúkọ tirẹ̀. Hansa kì í ṣe ẹni kékeré. Bó bá ní òjò ò ní í rọ̀, gbogbo obìnrin tẹ́ḿpìlì wọn á kó aṣọ jáde lọ sá. Bí ọ̀ṣọ́ yìí bá dùn mọ́ Hansa, fóònù Mosúnmọ́lá kò ní í sinmi, yóò sì dá yúnífọ́ọ̀mù búlúù ilé arúgbó padà fún àwọn tó ni ín, yóò lọ sùn. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, yúnífọ́ọ̀mù yẹn á bá a dé sàréè.

Nígbà tó lọ kúnlẹ̀ síwájú ìyá Hansa, tí gbogbo ilé ń pè ní Ba, ìyá náà kò ronú rárá. "Aṣọ tí a fọwọ́ so," ló sọ. Bándánì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi èékánná mú aṣọ díẹ̀ bí ẹni tó ń já ènìyàn léèékánná, wọ́n á fi òwú dè é pinpin, wọ́n á tún mú òmíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, títí aṣọ á fi dà bí ara ẹni tí iléróró bò. Wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró pupa. Ibi tí òwú dè á dúró ní funfun. Ba ní abẹ́ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni ìyá òun ti ṣègbéyàwó, abẹ́ rẹ̀ ni òun náà ti ṣe é. Òun fẹ́ kó jẹ́ òrùlé mándàpù Hetal.

"Ha! Àdìrẹ nìyẹn!" ni Mosúnmọ́lá sọ, inú rẹ̀ sì dùn fún ìgbà àkọ́kọ́ lóṣù yẹn.

Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn. Ṣẹ̀san wà níbẹ̀, ó bá a gbé àpótí dígí wọlé. "Àdìrẹ?" ó ní. "Àdìrẹ wo lẹ tún ń wá kiri nígbà tí ọmọ Ìtòkú l'Abẹ́òkúta dúró síwájú yín? Inú ìkòkò aró ni wọ́n bí mi sí! Ọjọ́ tí mo wáyé, búlúù ni mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì mẹ́ta ló fọ̀ mí kí wọ́n tó mọ̀ pé ènìyàn ni mí!"

Mosúnmọ́lá mọ̀ pé Sàngó Ọ̀tà ni wọ́n bí i sí. Ìyá àgbà wọn gbé Ìtòkú rí lóòótọ́, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ló ń tà. Ó la ẹnu kó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Hansa ti ń pàtẹ́wọ́, ó ti ń sọ fún Hetal pé aláró Yorùbá ló máa so aṣọ ìyá wọn, pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní gbogbo agbègbè Tameside. Ta ló fẹ́ pe àbúrò ọkọ ní òpùrọ́ lójú oníbàárà? Ta sì ló lágbára ẹ̀? Mosúnmọ́lá pa ẹnu dé.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe dé òwúrọ̀ yìí. Aṣọ wà nínú ọ̀rá lórí ìjókòó ẹ̀yìn van, Ṣẹ̀san wà níwájú, Mosúnmọ́lá ń wa ọkọ̀ láti Broughton lọ sí Ashton. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan. Òjò ń rọ̀ wẹ́wẹ́, wáípà tó ń nu gíláàsì ọkọ̀ ń kùn, bẹ́ẹ̀ ni Ṣẹ̀san.

"Níbo gan-an lẹ ti so ó, ọkọ mi? Mi ò rí aró kankan nílé."

"Nílé kẹ̀? Dobcross ni mo lọ."

"Dobcross?"

"Lókè pátápátá, níbi tí òkè ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀. Ilé àwọn ahunṣọ àtijọ́ ló kún ibẹ̀. Mo wọ ọ̀kan, mo ní, 'Ẹ̀yin ahunṣọ Gẹ̀ẹ́sì tó ti kú, ọmọ Ìtòkú dé o!' Ògiri dáhùn, ó ní kí n máa wọlé."

"Báwo lẹ ṣe débẹ̀? Ẹ ò wa mọ́tò."

"Ẹsẹ̀ ni. Kùrukùru bolẹ̀ débi pé mi ò rí imú ara mi, òórùn àgùntàn ni mo ń tẹ̀lé. Àwọn àgùntàn yẹn náà ló di òwú mú fún mi. Ọ̀kan wà níbẹ̀, ìyàwó wa, bó bá jẹ́ ènìyàn ni, ǹ bá fẹ́ ẹ."

"Mo ti gbọ́."

"Ẹ ò gbà mí gbọ́. Mo fi Bíbélì búra…"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ Bíbélì kúrò níbẹ̀."

Iná ojú pópó dá wọn dúró. Mosúnmọ́lá na ọwọ́ sẹ́yìn, ó ti ìka bọ inú ọ̀rá, ó fọwọ́ kan aṣọ náà. Ó ń yọ̀ bí ẹja. Kò rùn bí aró, kò rùn bí omi, òórùn ṣọ́ọ̀bù ló ń rùn. Nǹkan kan fẹ́ dìde lọ́kàn rẹ̀. Ó mọ ohun tó jẹ́, ó sì mọ̀ pé bí òun bá jẹ́ kó dìde, òun náà á ní láti dìde tẹ̀lé e. Ó di ojú díẹ̀. Ọkọ̀ ẹ̀yìn fun fèrè mọ́ ọn, ó la ojú, ó ń lọ.

Nílé Hansa, wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Ba jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní pálọ̀, ó kéré bí ọmọ ẹyẹ, ó fi ṣáàlì wé ara. Sílípáàsì rẹ̀ pupa wà lẹ́nu ọ̀nà láàárín bàtà àwọn yòókù. Ṣẹ̀san dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi orí bi tẹlifíṣọ̀n wó. Inú Ba dùn sí ìyẹn. Ó fọwọ́ kàn án lórí, ó ní kó dìde.

"Mama, mo ti so ó," ni Ṣẹ̀san sọ fún un lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Mo tan kẹ́tù. Kí omi tó hó, mo ti parí!"

"Oh my days," ni Hetal sọ, ó bú sẹ́rìn-ín. Manchester ni wọ́n ti bí i, inú bọ́ọ̀sì ló ti mọ àwọn òpùrọ́ tó dùn ún gbọ́. Ba kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ fún aṣọ.

Wọ́n tẹ́ ẹ lé e nítan. Pupa rẹ̀ pọ́n dòdò, àmì funfun kún ara rẹ̀ rẹrẹrẹ. Hansa ní, "Ó mà rẹwà o!" Ó ti yọ fóònù, ó fẹ́ yà á ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin tẹ́ḿpìlì.

Ba fi ọwọ́ ra aṣọ náà síwá, ó fi ọwọ́ rà á sẹ́yìn. "Kókó rẹ̀ dà?"

"Mo ti tú u fún yín, Mama. Mo sì lọ̀ ọ́ gbọnmọ."

"Ta ló ní kó o tú u?"

Ba wá ṣàlàyé, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ó ní nílé wọn ní Jamnagar, ní Íńdíà, kò sí ẹni tí í gba bándánì tí wọ́n ti tú. Bó ṣe jáde nínú aró ni wọ́n ń gbé e wá, ó máa ká kò bí ewé gbígbẹ, òwú á ṣì wà lára rẹ̀. Lójú ẹni tó ni ín, ènìyàn méjì á di etí rẹ̀ mú, wọ́n á fà á lẹ́ẹ̀kan. Òwú á máa já dànù, tà-tà-tà-tà, bí òjò lórí páànù.

"Ariwo yẹn ni ẹlẹ́rìí rẹ̀," ni Ba sọ. "Èyí dákẹ́."

Ẹlòmíràn ì bá ti máa làágùn. Ṣẹ̀san kàn tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe ni. "Mama, lọ́dọ̀ tiwa, ìwọ̀sí nìyẹn! Àwa a máa ń tú u, a ń fọ̀ ọ́, a ń fi ṣítáàṣì sí i, a ń ká a kó dọ́gba kó tó dé ọwọ́ oníbàárà. Ṣé èèyàn á gbé iṣu fún àlejò tòun ti èèpo ni?"

Ba ro ó. Ó yí ojú sí Mosúnmọ́lá. "Mosu, ṣé bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, lọ́dọ̀ yín?"

Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́. Èyí ló burú níbẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí Ṣẹ̀san ti sọ láti ìgbà tó ti mọ̀ ọ́n sọ, òótọ́ kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì gbé e sí ibi tó yẹ. Kò ju kí Mosúnmọ́lá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, Ba, kò sì ní í purọ́. Hansa á ya fọ́tò, àwọn obìnrin tẹ́ḿpìlì á rí i, fóònù á máa dún, yúnífọ́ọ̀mù á lọ, òun náà á lọ sùn, á sùn títí ọdún á fi yí po.

Ṣùgbọ́n ó wo aṣọ náà lórí itan ìyá yẹn, ó rí bí òun á ṣe máa rù ú kiri. Á rù ú lọ sí ìgbéyàwó, á rù ú lọ sí èyí tó tẹ̀lé e, ìgbàkúùgbà tí ìyá àgbà míràn bá ti ní kókó rẹ̀ dà, á tún wá nǹkan míràn sọ. Irọ́ wúwo. Ẹni tó ti fi gbogbo òru gbé arúgbó, èjìká wo ló kù fún un?

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ba," ó ní. "Lọ́dọ̀ wa, a máa ń tú u." Ṣẹ̀san mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wo nǹkan kan."

Ó kúnlẹ̀, ó mú etí aṣọ, ó yí i dà. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun bàláú, bí ojú ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró. Pupa kò dé ẹ̀yìn rárá.

"Aṣọ tí wọ́n rẹ, aró á mu ún délẹ̀," ni Mosúnmọ́lá sọ. "Ẹ̀rọ ló tẹ èyí. Kò sẹ́ni tó so ó. Mo ti fura nínú van. Ó rẹ̀ mí, mi ò fẹ́ mọ̀ ni."

Hansa rọra sọ fóònù kalẹ̀. Hetal ní, "No way." Ṣẹ̀san wo òrùlé, ó wo ilẹ̀, ó rí ọ̀nà.

"Otútù Dobcross ni! Ẹ ò mọ bí ibẹ̀ ṣe tutù tó! Iwájú ni aró kọ́kọ́ dé, kó tó yíjú sẹ́yìn, ó ti di yìnyín!"

Ba tẹ̀ síwájú, ó fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ àga. Bisikíìtì kò sí nínú rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan. Abẹ́rẹ́ àti òwú ni, bíi ti gbogbo agolo bisikíìtì láyé. Ó mú aṣọ funfun pélébé kan pẹ̀lú òwú, ó gbé wọn lé Ṣẹ̀san lọ́wọ́.

"So ẹyọ kan."

"Ẹyọ kan péré, Mama? Ẹ fẹ́ fi àbùkù kàn mí."

"Ẹyọ kan."

Ba gbé ìka kékeré tirẹ̀ sókè kó rí i. Èékánná rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣóńṣó. Ibẹ̀ ni wọ́n fi ń mú aṣọ. Àtàǹpàkò Ṣẹ̀san ní tirẹ̀ tóbi bí ọmọ odó. Ó mú aṣọ, aṣọ yọ̀ bọ́. Ó tún mú un, òwú já. Ó bu itọ́ sọ́wọ́, ó wé òwú yípo-yípo-yípo, ó fi eyín fà á, ó fún un gírígírí, ó gbé e sókè tayọ̀tayọ̀. Àtàǹpàkò ara rẹ̀ ló dè mọ́ aṣọ.

Ba ti gbàgbé rẹ̀. Hansa ló ń wò, Hansa sì ń wo Mosúnmọ́lá, ojú rẹ̀ le koko. Ó bá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan lédè wọn. Ba dá a lóhùn, ó pẹ́ díẹ̀, ó fọwọ́ sọ ọ́, ó fi ìka ka òpó mẹ́rin, ó tọ́ka sí aṣọ pupa. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́ fún Mosúnmọ́lá.

"Èyí, a máa gbé e kọ́ sẹ́yìn àwọn tó wá jẹun. Wọn ò ní í yí i wò. Òrùlé mándàpù, a máa so ó fúnra wa, kékeré, tó bo orí ènìyàn méjì. Àwọn obìnrin tẹ́ḿpìlì á wá jókòó síbí. Ìwọ náà á wá. Ṣé o mọ̀ ọ́n so?"

"Rárá, Ba. Ní Ìtòkú, mo mọ̀ ọ́n rà ni."

Ẹ̀rín wá gba ẹnu Ba, ẹ̀rín aláìléyín tó gùn. "Jókòó," ó ní. "Jókòó kó o tó wó lù mí."

Mosúnmọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga rẹ̀. Eegun rẹ̀ dún níbi púpọ̀. Hansa mí sókè, mí sílẹ̀, ó ní kò burú, pé bí àwọn obìnrin náà bá fọwọ́ ara wọn so ó, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní í lè rojọ́ ẹ̀yìn lórí rẹ̀. Ó ní kí Mosúnmọ́lá dé kí wọ́n tó dé, kí òun lè fi í hàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. "Nígbà ìsinmi bank holiday ọdún tó ń bọ̀, ọmọ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ gbé níyàwó láàárín wọn," ó ní, bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

Ṣẹ̀san ti ń rọra fi ẹ̀yìn rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìwọ!" ni Ba pè é. "Aláró! Àwọn kókó tó kù ńkọ́?"

"Mo ń bọ̀ wá so wọ́n, Mama."

"Ó dáa. Hetal, tan kẹ́tù."

Hetal sáré wọ kíṣìnì. Wọ́n gbọ́ tí omi dà sínú kẹ́tù, wọ́n gbọ́ tí bọ́tìnnì rẹ̀ dún kà. Kẹ́tù bẹ̀rẹ̀ sí í kùn díẹ̀díẹ̀, bí òyìnbó tó ń bínú lọ́nà jíjìn. Ṣẹ̀san gbọ́ ọ. Ojú rẹ̀ ṣú.

"Èékánná mi," ó ní. "Inú van ni mo fi èékánná mi sí. Ẹ jẹ́ kí n lọ mú un."

Ilẹ̀kùn ṣí, ó ki ẹsẹ̀ bọ ohun tó kọ́kọ́ bá pàdé, ó bọ́ síta.

Mosúnmọ́lá wo ẹnu ọ̀nà. Bàtà Ṣẹ̀san wà níbẹ̀, ńlá méjèèjì. Sílípáàsì pupa ló lọ.

"Ṣẹ̀san!" ó kígbe, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n. "Sílípáàsì Ba!"

Kò yíjú. Láti ojú fèrèsé, wọ́n rí i tó ń sáré lọ nínú òjò, sílípáàsì ń gbá a ní gìgísẹ̀ pá-pá-pá, ó kọ orí sí ọ̀nà ọjà Ashton bí ẹni tí gbogbo àgùntàn Dobcross ń lé. Ó gbé ọwọ́ kan sókè, aṣọ funfun ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí àtàǹpàkò rẹ̀, òwú kò tú. Kókó kan ṣoṣo tó so láyé rẹ̀, òun náà ló gbé e sá lọ. Kẹ́tù kò sì tíì hó.